Ọkà Tí A Fi Òùngbẹ Dán Wò

Ọkọ Ọkà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Kò bínú sí i. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò níyàwó, kò lọ́mọ, ọkà bàbà ló sì máa ń kọ́kọ́ kí láàárọ̀. Kí ni kí wọ́n wá máa pè é? Alága?

Alárinà ni, láàárín ọkà àti ọkà. Awò lójú, ẹ̀mú tín-ín-rín lọ́wọ́, ẹ̀yìn títẹ̀. Á yọ ẹ̀yà akọ kúrò lára òdòdó kan, á gbọn ìyẹ̀fun òdòdó mìíràn lé e, á fi àpò pépà bo orí ọkà náà kí afẹ́fẹ́ má baà gbé àjèjì wá. Ọkà méjì ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ń tètè gbó, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Èkejì ń so wọ̀ǹtìwọnti, ṣùgbọ́n a-pẹ́-kó-tó-dé ni, ó sì ń mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀. Ọmọ tí yóò yá bí ìyá, tí yóò so bí baba, tí yóò sì fara da ọ̀gbẹlẹ̀: òun ló ń wá. Ó wá a títí irun rẹ̀ fi funfun.

Ó rò pé òun ti rí i. Ó ku ìdánwò kan ṣoṣo. Ìdajì oko náà ń mu omi láti ẹnu rọ́bà. Ìdajì kejì kò gbọdọ̀ rí ẹ̀kán omi kan láti ìgbà tó bá ti tanná títí di ìkórè. Bí ìdajì tí òùngbẹ ń gbẹ bá so ọmọ gidi, iṣẹ́ parí. Wọn á pín irúgbìn rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ gbígbẹ. Òun á sì palẹ̀ ẹrù mọ́, á bá màmá rẹ̀ lọ sílé.

Ìlérí tó ṣe fún màmá nìyẹn. Ìlérí náà ló gbé ìyá arúgbó wọkọ̀ wá sí ilé kékeré tó wà létí oko, kó lè dúró dè é. Yàrá kan, pálọ̀ kan, àga kan. Ó sáré ra èkejì.

Lọ́jọ́ tí màmá gbọ́ ìnagijẹ rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. "Ọkọ Ọkà! Ṣé ìyàwó ni kí n máa pe àwọn tó wà lóko yẹn, àbí ọmọ-ọmọ?"

"Èyí tó bá wù yín, Màámi."

"Ìyàwó tí kì í fèsì ọ̀rọ̀. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n o. Dì í mú."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ṣe é bí ohun tó ti sọnù tipẹ́ tó wá bọ́ sí i lọ́wọ́.

Gbogbo ọ̀rọ̀ ọkà ló máa ń sọ fún un nírọ̀lẹ́, àfi ẹyọ kan. Nígbà tí màmá bi í pé, "Ṣé òjò kì í rọ̀ níbí ni? Ewé àwọn tọ̀hún yẹn ti ká mọ́ra bí ẹni òtútù mú," ohun tó fi dáhùn ni pé, "Kì í rọ̀ lásìkò yìí, Màámi." Òótọ́ ni. Kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ojú ń tì í láti sọ fún ìyá tó tọ́ ọ dàgbà pé òun ló mọ̀ọ́mọ̀ ń fi òùngbẹ jẹ wọ́n níyà.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì. Ó lọ láàárọ̀, ó dé lọ́sàn-án. Láti ojú ọ̀nà ló ti rí i. Ewé tó ká mọ́ra lánàá ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ilẹ̀ dúdú. Òórùn erùpẹ̀ tútù. Rọ́bà omi wà níbi tí kò yẹ kó wà, màmá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin dé orúnkún.

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń fà á kiri," ni màmá wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Ọmọ aráyé ò láàánú. Wọ́n ń bomi rin apá kan, wọ́n sọ apá kejì di ọmọ òrukàn."

Ó gba rọ́bà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Màámi."

Oòrùn tún mú ilẹ̀ náà gbẹ. Kò sí ẹni tó mọ̀. Orí ọkà yọmọ, ó kún, ó tẹ̀ sílẹ̀ fún ìwúwo. Ọ̀gá wá wò ó, ó gbá a léjìká. "Ọkọ Ọkà, o ṣe é! Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí!"

Kó sáà dákẹ́. Ilé ti yá. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kan tí kò mọ̀ rí yóò gbìn ín síbì kan. Òjò á dáwọ́ dúró lójijì. Kò sì ní sí ìyá ẹnì kankan tí yóò fa rọ́bà wá.

"Ọ̀gá, ó ti mu omi," ló sọ. "Ẹ̀bi mi ni. Màá tún un gbìn lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀."

Ó wálé, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún màmá. Màmá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Omi ọwọ́ mi ló wá gbà ọ́ lọ́wọ́ mi?"

"Èmi ni mi ò sọ, Màámi."

"Ṣé kò sí ẹlòmíì tó lè gbìn ín ni?"

Ẹlòmíì lè gbìn ín. Ó mọ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni irú èèyàn tí òun máa jẹ́, nínú ilé tí kò sí ọkà lẹ́yìn fèrèsé.

Lọ́jọ́ tí màmá ń padà sílé, ó bá a gbé àpò rẹ̀ dé gáréèjì. Ó bá a wá àyè lẹ́bàá fèrèsé.

"Ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ kò jìnnà, Màámi."

"Lójú ọkà ni," ni màmá wí. Ó na ọwọ́ jáde, ó gbọn eruku kúrò ní kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. "Jẹun dáadáa."

Ọkọ̀ gbéra. Ó dúró síbẹ̀ títí eruku fi rọlẹ̀, títí ọkọ̀ mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrò, tí ẹni tó ń pe èrò fi wá bá a.

"Bàbá, ẹ̀ ń lọ àbí ẹ ò lọ? Ó ku ẹnì kan."

"Mi ò lọ," ló wí. Kò sì tíì kúrò lójú kan.