Eegun Ní Òrùlé, Olùṣọ́ Kò Ní

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹ kú, Bàbá mi, lọ́sàn-án gangan, ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré sí ibòji. Wọ́n ní ikú òjijì ni. Òjijì wo? Ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ fi ń kọ lẹ́tà bẹ àwọn ọ̀gá yín fún àtíbàbà kan ṣoṣo tí yóò gbà yín lọ́wọ́ oòrùn.

Ta ni kò mọ̀ yín, ẹ̀yin Lazhar, olùṣọ́ òkìtì eérú ẹ̀yìn ìlú Gafsa? Kí ẹ tó débẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ń kó eérú náà lọ sí ìdí igi ólífì wọn. Wọn ò mọ̀ pé ààrò àwọn ará ìgbàanì ni, láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ẹ kì í bá wọn jà. Karaun ìgbín tó wà nínú eérú náà ni ẹ máa ń gbé lé wọn lọ́wọ́.

Mo rántí ọjọ́ tí Mongia, aládùúgbò wa, wá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá Ìgbín, ṣé gbogbo èyí ni wọ́n jẹ? Ebi mà pa àwọn wọ̀nyí o."

"Ebi kọ́, ìyàwó wa. Wo ihò yìí. Ojú kan náà ni wọ́n ti ń lu gbogbo wọn. Báwo ni ìwọ ṣe ń mu mùdùnmúdùn inú eegun àgùntàn?"

"Mo máa ń lù ú nídìí, kí n tó fà á."

"Ó dáa. Ìyá ìyá rẹ lò ń bú yẹn."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọkọ rẹ̀ ò kó eérú mọ́.

Nígbà tí wọ́n walẹ̀ kan eegun òkú méjì níbẹ̀, kíá ni àwọn ọ̀gá yín, àwọn ìjọba tó ń tọ́jú ohun àtijọ́, fi páànù kọ́ òrùlé lé e, kí oòrùn má baà bà á jẹ́. Wọ́n gbé àkọlé kọ́: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ pa òfin náà mọ́.

"Bàbá, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ jàre. Ta ló ń wò yín?"

"Tí èmi bá tẹ ibẹ̀, kí ni n ó sọ fún ẹni tó tún fẹ́ tẹ̀ ẹ́?"

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ káàánú eegun tí kò mọ ooru mọ́, ẹ wá sá alààyè sóòrùn bí ata. Nínú lẹ́tà ìbánikẹ́dùn yín, "òṣìṣẹ́ wa kan" lẹ pè é. Ṣé kò lórúkọ ni?

Bàbá mi, wọ́n ti ń wá olùṣọ́ tuntun. Tijani àbúrò mi fẹ́ gbà á. Mo ní kò ní í jókòó síbẹ̀, àfi tí ẹni tó ń kọ "A ó yẹ̀ ẹ́ wò" sídìí lẹ́tà yín lọ́dọọdún bá jáde, tó dárúkọ ara rẹ̀, tó sì sọ fún gbogbo Gafsa ohun tó yẹ̀ wò.