Ìpè Mẹ́ta ní Gbọ̀ngàn Yìnyín

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ohun kan bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, ní aago méje òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú márùn-ún, tí ẹ̀rù rẹ̀ kò tíì kúrò lára mi. Agogo ibùdó U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ní Neukölln ní Berlin ni mo fi mọ àkókò náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń ka agogo ni, kò sì sí agogo tí mo rí nígbà náà tí n kì í kà. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ fún yín, kí n sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n kàn sọ fún mi.

Àǹtí kan ń gbé lọ́dọ̀ wa. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá màmá mi. Ìbàdàn ni wọ́n ti wá kàwé ní yunifásítì ní Berlin, ṣọ́ọ̀ṣì ló sì so wá pọ̀. Yàrá kan náà ni àwa méjèèjì ń sùn. Lọ́dún kejì tí wọ́n dé ni wọ́n wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin yunifásítì náà tí ń gbá họ́kì orí yìnyín. Bóyá ẹ ti rí eré náà rí: omi dídì tó le bí òkúta, bàtà tó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́, igi gígùn lọ́wọ́, àti rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lé kiri. Èmi ń bẹ̀rù rẹ̀. Mo ti fọwọ́ kan irin abẹ́ bàtà Àǹtí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ó mú.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, màmá mi ní ọ́fíìsì tí wọ́n fẹ́ lọ tún ṣe ní Schöneberg, kò sì sẹ́ni tí wọ́n lè fi mí tì. Àǹtí ní kí n bá àwọn lọ sí Hamburg, níbi tí ẹgbẹ́ wọn ti fẹ́ pàdé àwọn obìnrin yunifásítì ibẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni màmá mi wí fún wọn lẹ́nu ọ̀nà, "ṣé ìwé ni wọ́n ní kó o wá kà, àbí kó o wá máa fi igi lé rọ́bà?"

"Méjèèjì ni, mà. Ìwé ń lọ dáadáa."

"Ó dáa. Bí ẹ bá fẹ́ ṣubú, ẹ máa ṣubú láàárín ara yín. Ọmọ tèmi ò gbọdọ̀ tẹ yìnyín yẹn o."

Mo fi èdè Jámánì dáhùn pé mo ti gbọ́. Màmá mi ní Yorùbá lòun fi bá mi sọ̀rọ̀.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, obìnrin Jámánì gíga kan tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, sọ ìtàn ẹgbẹ́ wọn fún mi. Ó ní nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, akoto àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń yá dé, aago mẹ́fà àárọ̀ tí ọkùnrin kankan kò fẹ́ dìde sí ni wọ́n sì ń fún wọn ní yìnyín. Ó ní ọdún kan wà tí wọ́n ku méje péré, àfìgbà tí wọ́n para pọ̀ mọ́ àwọn ti Hamburg kí wọ́n tó lè gbá eré. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ẹni méjì mìíràn, àmọ́ ẹnu ọ̀gá yìí kan náà ni àwọn méjèèjì ti gbọ́ ọ. Ẹlẹ́rìí kan ni, kì í ṣe mẹ́ta.

Ọ̀gá náà bi mí ìdí tí mo fi ń pe ẹni tí kì í ṣe ẹbí mi ní Àǹtí. Àǹtí fúnra wọn ṣàlàyé fún un, wọ́n wá kọjú sí mi.

"Ṣùgbọ́n tí mo bá ti wà lórí yìnyín, orúkọ mi ni kó o pè. Ariwo pọ̀ níbẹ̀. Tó o bá ń pe Àǹtí, etí mi ò ní gbà á."

"Mummy á gbá mi lẹ́nu."

"Mummy ò sí ní Hamburg."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Nílé wa, ọmọdé kì í pe àgbà lórúkọ láìfi nǹkan kan ṣáájú, ẹni tó bá ṣe é kì í rí àyè ṣàlàyé.

Òtútù gbọ̀ngàn náà wọ eegun. Wọ́n fi mí jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilẹ̀kùn kúkúrú kan tí kò ní gíláàsì. Ẹgbẹ́ méjèèjì ti wà lórí yìnyín, wọ́n ń mú ara gbóná kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Àǹtí sún mọ́ ọ̀dọ̀ mi, wọ́n lóṣòó láti so okùn bàtà wọn, wọ́n kẹ́yìn sí àwọn yòókù. Ìgbà yẹn ni mo rí obìnrin Hamburg kan tó ń fi ẹ̀yìn sáré bọ̀, tí ojú rẹ̀ wà lára rọ́bà tó jìnnà sí i. Ẹ̀yìn Àǹtí gan-an ló dojú kọ.

Mo pè, "Àǹtí." Wọn ò gbọ́. Mo pè, "Àǹtí mi." Orúkọ wọn ti wà lórí ahọ́n mi, ẹnu mi ni kò gbà. Ẹ̀yìn obìnrin náà ń tóbi sí i lójú mi. Ìgbà kẹta ni mo tó pe orúkọ náà. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n yíjú sí mi, obìnrin náà sì kọlù wọ́n. Orí wọn lọ lu pákó tó yí yìnyín ká.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ kúnlẹ̀ tì wọ́n, ó ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Ojú wọn là sílẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ wọn títí àwọn ọlọ́kọ̀ ìlera fi gbé wọn lọ. N kò rí i kó mira.

Bùrọ̀dá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Hamburg, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Billbrook, ló wá mú mi lọ sílé wọn, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ lọ́rùn.

"Àǹtí ẹ ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n tiẹ̀ béèrè ẹ."

"Ṣé ẹ rí wọn?"

Wọ́n ti àwo oúnjẹ sún mọ́ mi. "Orí fóònù ni wọ́n ti sọ fún mi. Jẹ ráìsì ẹ."

Màmá mi dé lọ́jọ́ kejì. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ẹnìkan lórí fóònù pé, "Ẹsẹ̀ ò tíì gbọ́ràn." Bí wọ́n ti rí mi, wọ́n pa fóònù náà. Wọn kò jẹ́ kí n dé ọsibítù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n Àǹtí wá láti Ìbàdàn, wọ́n sì mú Àǹtí lọ sílé tààrà láti Hamburg. Màmá mi di ẹrù wọn, bẹ́ẹ̀ ni ibùsùn kejì ṣófo ní yàrá mi. N kò sọ fẹ́nikẹ́ni pé mo pe ohunkóhun.

Mo ti wò ó lọ́nà gbogbo. Bí ó bá jẹ́ orúkọ wọn ni mo kọ́kọ́ pè, bóyá wọn ì bá ti yẹ̀. Bí n kò bá sì pè wọ́n rárá, bóyá ẹ̀yìn wọn tó tẹ̀ ni ì bá gba ìkọlù náà, kì í ṣe ọrùn tó yí. Ó sì lè jẹ́ pé ìpè mi kò yí nǹkan kan padà. Ìṣirò ni mo kà jáde ní yunifásítì kan náà, kò sì ràn mí lọ́wọ́ lórí èyí. Nígbà tí mo wọlé síbẹ̀, mo bẹ ẹgbẹ́ họ́kì náà kí wọ́n jẹ́ kí n ka ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Ohun tó wà níbẹ̀ nípa ọjọ́ náà kò ju pé eré kò wáyé lọ.

Ayé ti yí padà. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ náà ti ní akoto tiwọn, ìrọ̀lẹ́ tó rọrùn ni wọ́n sì ń gba yìnyín. Lọ́jọ́ wa, ẹni tó bá lọ sílé ti lọ nìyẹn. Ohùn nìkan la máa ń gbọ́. Nísinsìnyí, mo ń rí ojú Àǹtí lóṣooṣù lórí fóònù, lórí àga kan náà, níwájú ògiri kan náà. Tí mo bá béèrè ara wọn, wọ́n á ní, "A dúpẹ́." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ipò tí ènìyàn wà tí kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Màmá mi ní kí n má tú ohun tí Ọlọ́run bò. Láti ọjọ́ Hamburg, n kò rí wọn lórí ìdúró.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, bí a ti ń sọ̀rọ̀, ẹnìkan lu géètì wọn. Wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn nìkan ló wà nílé. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, àjà ilé nìkan ni mo ń wò. Mo gbọ́ tí àga dún. Mo gbọ́ sálúbàtà lórí sìmẹ́ǹtì, ẹsẹ̀ kan ń wọ́ díẹ̀ tẹ̀ lé èkejì, ó ń jìnnà lọ. Mo ka ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn wọn lókèèrè, lẹ́nu géètì, "Ta nìyẹn?"