Ẹni Tí Onílé Jẹ́rìí Sí

Onílé mi ní Agége ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí, kó tó kan ṣọ́jà kankan. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà láyé, wọ́n á mọ̀ pé bàbá wọn ni.

Lásìkò SAP, nígbà tí ìjọba ní ká fún ìgbànú mọ́ra, akọ̀wé ni mí ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń hun aṣọ ní Ìkẹjà. Wọ́n ti dá ìdajì wa padà sílé. Nígbà tí ìjọba ológun wá ní kí a yan alága ìjọba ìbílẹ̀, mo rò pé ẹnu kan ṣoṣo tó kù fún mi nìyẹn. Àwọn tó ń kọ orúkọ olùdìbò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ẹni tí onílé bá jẹ́rìí sí ni wọ́n ń kọ.

Nígbà tó kàn mí, onílé ní, "Èkìtì ni eléyìí ti wá. Kó lọ dìbò nílé bàbá rẹ̀."

"Bàbá, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gbé ilé yín."

"Yàrá lo gbà, o ò gba ìlú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń kọ orúkọ ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹni tó kàn."

Lọ́jọ́ ìbò, kò sí àpótí. Àwòrán àwọn tó ń du ipò ni wọ́n gbé dúró, kálukú ń tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́, wọ́n á sì ka orí. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, mò ń wò. Ìyá arúgbó kan ní kí n bá òun ka káàdì òun. Àdírẹ́sì ilé wa ló wà níbẹ̀. Abúlé ni onílé ti mú un wá, kò sùn sí Agége rí.

Inú bí mi. Mo ní, "Mama, ẹ ò mọ ohun tó wà lórí káàdì, ẹ sì fẹ́ yan ìjọba. Àwọn tó mọ̀wé ló yẹ kó máa dìbò."

"Ọmọ mi, nígbà tí gàrí wọ́n, ṣé wọ́n bi mí bóyá mo mọ̀wé?"

Ó gba káàdì rẹ̀, ó lọ tò. Ohun tí onílé ṣe sí mi ni mo fẹ́ ṣe sí ìyá yẹn, ìmọ̀ ìwé lásán ni mo fi bò ó. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ó ti kú báyìí.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo ti kó lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá, mo gba káàdì, mo dìbò yan ààrẹ. Àwọn ṣọ́jà fagi lé ìbò náà. Mo tọ onílé mi ti Agége lọ, mo fẹ́ kó jẹ́wọ́ lójú mi pé òun rẹ́ mi jẹ. Àìsàn ti dá a jókòó sórí àga. Ó gbọ́ mi títí mo fi sọ ọ́ tán.

"Wọ́n ti fagi lé ìbò tèmi náà," ló wí. "Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún wá kọ orúkọ lọ́la, mi ò ní jẹ́rìí sí ọ."