Mi Ò Ní Kúnlẹ̀ Nítorí Fáìlì

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn Òkè-Àgbò pé agídí ló ba iṣẹ́ mi jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù géèmù àdúgbò wọn. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni kì í gbàgbé.

Èmi ni mo kọ kóòdù tí sáfà ṣọ́ọ̀bù náà ń lò, sáfà tó so gbogbo kọ̀ǹpútà ibẹ̀ pọ̀ sínú eré ìbọn kan ṣoṣo. Yàrá mi ní Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti kọ ọ́, lẹ́yìn tí mo jáde ní yunifásítì, èmi náà ni mo sì ń bójú tó sáfà náà. Àṣẹ kan wà nínú rẹ̀: bí a bá ti tan sáfà, yóò wò ó bóyá fáìlì ìṣètò wà nílẹ̀. Bí kò bá sí, yóò dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò kọ gbogbo ohun tí a lè yí padà sínú rẹ̀, tòun ti àlàyé. Bí ó bá ti wà, kò ní fọwọ́ kàn án, kó má baà pa ohun tí oníṣọ́ọ̀bù ti kọ síbẹ̀ rẹ́. Ìwà ọmọlúàbí ni mo ka èyí sí.

Oníṣọ́ọ̀bù náà, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá, ní òun fẹ́ kí eré máa dúró fúnra rẹ̀ lákòókò ìrun Jímọ̀. Mo kọ ọ́ kún kóòdù náà, ó di ìlà kan nínú fáìlì ìṣètò. Mo fi í sí pípa, kí òun fúnra rẹ̀ tàn án nínú fáìlì. Mo tún kọ ọ́ sí i lórí Wasáàpù pé: "Bọ̀dá, ẹ yí orúkọ fáìlì àtijọ́ padà kí ẹ tó tan sáfà, kí tuntun tó ní ìlà náà lè jáde." Ó fi àtàǹpàkò dáhùn.

Kò ṣe é. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí àwọn ọmọ àdúgbò Japara wá bá àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù wa díje, àwọn kan dìde lọ kírun, eré ò dúró, àwọn tó kù sì yìnbọn pa wọ́n nínú eré kí wọ́n tó padà dé. Inú ariwo ni mo wọlé bá.

"Àǹtí Kọ̀ǹpútà dé," ẹnì kan wí. "Ẹni tó ní ká kírun ká kú."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bọ̀dá ò bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Mo wá ìlà yẹn títí, kò sí nínú fáìlì. O ò kọ nǹkan kan. O parọ́ fún mi, o tún dójú tì mí níwájú àlejò."

"Ṣé ẹ yí orúkọ ti àtijọ́ padà?"

"Ṣé wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ lẹ́ẹ̀mejì ni? Ọwọ́ ara mi ni mo fi tún fáìlì yẹn ṣe. Kúnlẹ̀, kó o bẹ àwọn èèyàn yìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá gba sáfà lọ́wọ́ ẹ."

Sáfà yẹn nìkan ni iṣẹ́ tí mo lè nàka sí pé èmi ni mo ṣe é. Síbẹ̀ mi ò kúnlẹ̀. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo yí orúkọ fáìlì àtijọ́ padà, mo pa sáfà, mo sì tún tàn án. Tuntun jáde. Ìlà náà wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú àlàyé tí mo fi Yorùbá kọ.

Ọmọ Japara kan na ọrùn wò ó. "Ó mà wà níbẹ̀, Bọ̀dá."

"Ó dáa, ó wà níbẹ̀," Bọ̀dá wí. "Àgbà ṣì ni mí. Kúnlẹ̀, ká parí ẹ̀."

Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ṣẹ̀ mí. Ẹni tó rí òótọ́ pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, tó ṣì ní kí n jẹ́bi.

"Bọ̀dá, mo máa ń kúnlẹ̀ kí yín, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kúnlẹ̀ lórí irọ́."

Níṣojú mi ló yí ọ̀rọ̀ aṣínà sáfà padà, kí n má baà lè wọ inú rẹ̀ mọ́. Mo gbé báàgì mi, mo wọ ọkọ̀ padà sí Àgọ́-Ìwòyè.

Kóòdù mi ni wọ́n ṣì ń lò. Wọ́n ti tan ìlà yẹn, eré ń dúró ní gbogbo Jímọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń dárúkọ mi. Wọ́n tún rán ẹnì kan sí mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí pé bí mo bá lọ bẹ Bọ̀dá, yóò gbà mí padà. Mo ní kó lọ sọ fún un pé òun ló ni ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo ni kóòdù, èmi náà ni mo sì ni orúnkún mi.