Oko Tí Mo Gbá

Mi ò lè rí pàǹtí kí n mójú kúrò. Bí mo bá wọ ilé onílé, tí mo rí ewé kan ṣoṣo nílẹ̀ pálọ̀ wọn, ọwọ́ á ti máa yún mi. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní Olódò ò sì jẹ́ gbàgbé ẹni tó máa ń yẹ èékánná wọn wò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo ń sọ èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ irú ẹni tó wọ oko kókó bàbá mi lọ lọ́dún tí bàbá kú.

Oko náà wà lẹ́yìn Akanran, kò jìnnà sí abúlé tí màmá mi ń gbé. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń bá bàbá mi tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà tí èmi fúnra mi ṣì jẹ́ ọmọ iléèwé. Lẹ́yìn tí a sin bàbá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí wa, ní ká ta ilẹ̀ náà. Àwọn tó ń ra ilẹ̀ ti ń ti ọ̀nà Ẹgbẹ́dá bọ̀ díẹ̀díẹ̀, òpó ààlà wọn sì ti dé oko tó kángun sí tiwa. Màmá ní àwọn ò fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní àwọn gbọ́: bí kókó bá so dáadáa lọ́dún náà, a ò ní tà á, bí kò bá so, kí ẹnikẹ́ni má bínú àwọn. Mo ní èmi ni màá máa mójú tó o.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, inú bí mi. Ewé kókó gbígbẹ bo ilẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Èèpo kókó tí wọ́n ti fọ́ wà ní òkìtì òkìtì lábẹ́ igi, ó ti dúdú, ó ti rà. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti bẹ́ wà nílẹ̀ káàkiri, omi ń jáde lára rẹ̀, kantíkantí bò ó, wọ́n ń wọ̀ mí lójú, wọ́n ń wọ̀ mí nímú. Mo bi bàbá tó ń tọ́jú oko pé ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń tọ́jú oko olóko. Wọ́n ní bó ṣe máa ń wà nìyẹn. Ìdáhùn yẹn ló bí mi nínú jù. Níwájú màmá mi ni mo ti sọ fún wọn pé ọ̀lẹ ni wọ́n, pé torí bàbá mi ò sí mọ́ ni wọ́n ṣe sọ oko di ààtàn, kí wọ́n máa lọ. Wọ́n wò mí, wọ́n wo màmá mi, wọ́n mú àdá wọn, wọ́n lọ. Màmá ń wò wọ́n lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbá oko náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, gbígbá ni mo sọ. Mo ra rékì, mo gba obìnrin méjì kún ara mi. A wa ewé jọ, a kó èèpo kókó, a wọ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ síta, a dáná sun gbogbo rẹ̀. Mo tún ra oògùn apakòkòrò, mo ní kí wọ́n fín in yí oko ká, títí mi ò fi rí kantíkantí kan mọ́. Ẹni tó bá dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ oko ń rí ẹni tó wà ní ìparí rẹ̀. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní mo kú iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wo fọ́tò náà nínú ọkọ̀ kí n tó dé Olódò.

Òjò rọ̀, kókó tanná. Ara igi ni òdòdó kókó ti ń yọ, kéékèèké, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Lọ́dún yẹn ó yọ débi pé mo ti ń dúpẹ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, òdòdó ti wà nílẹ̀ lábẹ́ igi. Mo wo ara igi bóyá ọmọ kókó ti yọ, mi ò rí i. Mo ní yóò tún tanná. Ó tún tanná lóòótọ́, ó sì tún rẹ̀ dànù. Mo lè wo igi mẹ́wàá kí n tó rí ọmọ kókó kan.

Inú fu mí, ẹ̀dọ̀ fu mí. Bí fóònù bá dún, tí mo rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ni, màá jẹ́ kó dún pẹ́ kí n tó gbé e. Wọ́n á ní kókó ńkọ́? Màá ní ó ń tanná. Mi ò purọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń béèrè kọ́ ni mo ń dáhùn. Oúnjẹ ò wù mí mọ́. Mo ń lọ sóko lójoojúmọ́, mo sì ń gbá a sí i, torí mo rò pé ìdọ̀tí ló kù.

Nígbà tí agara dá mi, mo bẹ obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àgbẹ̀ pé kó wá bá mi wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó bi mí pé ta ló gbá oko. Mo yan, mo ní èmi ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òdòdó kókó kéré jù fún oyin, kantíkantí ló ń wọ inú rẹ̀. Àwọn ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó igi kan lọ sí ti òmíràn. Bí wọn ò bá sí, òdòdó á kàn máa rẹ̀ dànù ni. Ó wá bi mí bóyá mo mọ ibi tí wọ́n ń yé ẹyin sí. Mi ò mọ̀. Ó ní nínú ewé tó ń rà ni, nínú èèpo kókó, nínú igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń jẹrà. Bó ṣe ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo ń rántí bí a ṣe dáná sun wọ́n.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Èmi ti pe àgbà ní ọ̀lẹ. Lọ́jọ́ kejì, mo wá bàbá náà lọ sí abúlé tí wọ́n ti ń bá ẹlòmíràn ro oko ẹ̀gẹ́. Mo kúnlẹ̀ sáàárín poro, mo tọrọ àforíjì. Wọ́n ní kí n dìde kí aṣọ mi má dọ̀tí. Mo ní ẹ jẹ́ kó dọ̀tí.

Wọ́n ní, "Tíṣà, bàbá yín ló ní kí n má kó pàǹtí náà. Wọ́n ní kókó kì í fẹ́ ilẹ̀ tó mọ́. Mo rò pé ẹ mọ̀ ni."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní mi ò béèrè.

Wọ́n padà wá. A gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, a tò ó sábẹ́ kókó kó máa rà. A tọrọ èèpo kókó lọ́wọ́ àwọn tí tiwọn so, a rù ú wá. Èmi tí mi ò lè rí pàǹtí, èmi ni mò ń ru pàǹtí wọ oko. Ṣùgbọ́n ọdún náà ti bọ́. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi fún ọdún kan sí i. Wọ́n ní igi ti darúgbó, pé torí màmá nìkan ni àwọn ṣe gbà. Mi ò sọ fún wọn ohun tí mo ṣe. Mo jẹ́ kí ẹ̀bi mi wà lọ́rùn igi.

Nígbà tí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e rọ̀, ọmọ kókó yọ, wọ́n tó orí ìka. Wọ́n ju ti èṣí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn kan ń dúdú, wọ́n ń gbẹ mọ́ ara igi. Bàbá tó ń tọ́jú oko ní kò sí ọdún tí gbogbo ọmọ kókó ń gbó tán, kí n fọkàn balẹ̀. Ọkàn wo ni mo fẹ́ fi balẹ̀?

Láàárọ̀ Sátidé kan, màmá pè mí pé ẹ̀gbọ́n mi ti dé, òun àti sọ̀fíò. Kí n tó débẹ̀, sọ̀fíò ti gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ rẹ̀ nàró. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ò lè dúró mọ́. Wọ́n wo ewé tó bo ilẹ̀, wọ́n wo igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń jẹrà, wọ́n ní igi ti gbó, oko náà sì ti sú èmi náà, ó hàn kedere. Wọ́n ní kí sọ̀fíò bẹ̀rẹ̀.

Ẹnu mi wúwo, ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, oko ti lọ nìyẹn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, igi ò darúgbó. Èmi ni mo ba oko jẹ́. Mo lé bàbá tó ń tọ́jú rẹ̀, mo gbá ilẹ̀, mo fín oògùn, mo pa kòkòrò tó ń jẹ́ kí kókó so. Ẹ wá wo ara igi."

Wọ́n tẹ̀ lé mi. Wọ́n wo ọmọ kókó lára igi kan, wọ́n wò ó lára òmíràn. Wọ́n bi mí bóyá ó dá mi lójú pé wọ́n máa gbó. Mo ní kò dá mi lójú. Òótọ́ ni mo sọ, mo sì rò pé òótọ́ yẹn ló máa ta oko náà.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí màmá, wọ́n bi wọ́n pé ṣé wọ́n mọ̀ sí i. Màmá ní àwọn mọ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé láti ọjọ́ tí mo ti mú rékì wọ oko ni wọ́n ti mọ̀ pé bàbá wa kì í gbá a.

"Mo mọ̀," ni màmá wí. "Bàbá yín kì í jẹ́ kí n mú ìgbálẹ̀ débẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí o ti wá bá mi lóko kẹ́yìn. Mo ní bí mo bá bá ọ wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, o ò ní wá mọ́. Mo bá fi kókó sílẹ̀, mo mú ọmọ."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí sọ̀fíò, wọ́n ní kó ká ẹ̀rọ rẹ̀. Wọ́n ní títí di ìkórè ni o, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkórè ku oṣù mẹ́ta. Ọmọ kókó méjì tún dúdú lánàá. Ṣùgbọ́n mo ti kó aṣọ mi wá sọ́dọ̀ màmá. Mi ò ní padà sí Olódò títí a ó fi mọ ibi tó máa já sí.