Ibi Tí Wọ́n Ti Pe Baba Onílẹ̀ Ní Olè

Ariwo wọ́kì-tọ́kì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, kí n tó rántí ojú ẹnikẹ́ni. Ó máa ń ta pàrà-pàrà bí ẹ̀gúsí tí wọ́n ń yan nínú ìkòkò gbígbẹ, ohùn ènìyàn á sì ti àárín rẹ̀ yọ bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga. Ìparí àwọn ọdún 1990 ni, ológun ṣì wà lórí oyè, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn kan tí olú ilé rẹ̀ wà ní apá Akínyẹlé gbà mí síṣẹ́ fún ọdún kan, wọ́n ní bí mo bá ṣe dáadáa, àwọn yóò fi kún un. Ọ̀rọ̀ pé bí mo bá ṣe dáadáa yẹn ni mo ń gbé sùn, òun ni mo ń gbé jí. Bí ọ̀gá bá wúkọ́, mo máa ń rò pé èmi ni ó ń bá wí. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà, torí ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà kò jọ mí rárá.

Wọ́n rán mi lọ sí ọ̀kan nínú àwọn oko ìwádìí wọn, ní abúlé kan tí a máa ń ti Ìyànà Ọ̀fà yà sí. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni wọ́n ń gbìn wò níbẹ̀. Èmi ni mo ń tọ́jú kọ̀ǹpútà àti àwo ńlá funfun kan tí ó kọjú sí ojú ọ̀run, lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ baba àgbẹ̀ kan. Láti inú àwo yẹn ni ìròyìn òjò, àrùn ewé àti ìkórè wa ti ń lọ sí olú ilé iṣẹ́. Ìta gbangba, níbi tí gbogbo ayé ń kọjá, ni ọ̀rọ̀ wa ń gbà, ṣùgbọ́n a ní ọ̀nà tiwa nínú ìta gbangba náà, ọ̀nà tí a bò lórí tí a bò lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ojú má baà tó ohun tí a gbé. VPN ni à ń pè é. Ẹ̀rọ kan bí aṣọ́bodè wà lẹ́nu ọ̀nà ní olú ilé iṣẹ́, òun ni ó ń yẹ gbogbo ohun tí ń wọlé tí ń jáde wò, òun náà ni ó sì ń pinnu ibi tí kálukú yóò gbà. Mo máa ń wo àwo náà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin tí ń ti odò bọ̀ fi sọ mí ní Ìyàwó Àwo. Wọ́n á ní, "Ìyàwó Àwo, ọkọ rẹ ò tíì fèsì?" Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn sí i.

Baba onílẹ̀ wa jẹ́ Mùsùlùmí àgbàlagbà, ẹni tí kì í pariwo. Nígbà tí wọ́n ń gbé àwo náà kalẹ̀, kí n tó débẹ̀, igi obì kan dí i lójú. Bàbá tó bí baba ni ó gbin igi náà. Baba lọ kírun Jímọ̀, nígbà tí wọ́n fi máa dé, àwọn òṣìṣẹ́ ti gé igi lulẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Àwọn ará abúlé ní baba dúró ti kùkùté náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì sọ lójú gbogbo ènìyàn pé, "Igi tí ẹ gé yìí, ẹ ó rántí mi." Ìbànújẹ́ ni ó sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá mọ baba mọ̀ bẹ́ẹ̀. Baba yìí kan náà ló fi ẹ̀gún yí àwo náà ká lẹ́yìn náà kí ewúrẹ́ má baà fara họ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ọ̀rọ̀ náà ti dé olú ilé iṣẹ́, ó sì fọ́ síbẹ̀.

Ọ̀gá tí ó wà lórí ẹ̀rọ ní olú ilé iṣẹ́ mọ iṣẹ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ti kàwé lókè òkun. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó yọ ètò àtijọ́ inú ẹ̀rọ aṣọ́bodè náà kúrò, ó fi tuntun sí i. Ó ti pè wá jọ sí olú ilé iṣẹ́ ṣáájú, ó fi yangàn fún wa. Ó ní ti àtijọ́ máa ń yẹ gbogbo ọ̀nà wò kí ó tó mú èyí tó bá ẹrù mu jù lọ. Ó ní tuntun yìí kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Láti òkè ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí wò, ọ̀nà àkọ́kọ́ tí ó bá lè gba ẹrù náà ni yóò jù ú sí, kò ní wo ìsàlẹ̀ mọ́. A pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo pàtẹ́wọ́ jù, nítorí mo fẹ́ kí ó rí mi.

Nígbà tí ó di Mọ́ńdè, kò sí ohun tó lọ. Iná aláwọ̀ ewé tí ó ń fi hàn pé ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ wa ṣí ń tàn lára ẹ̀rọ mi, ṣùgbọ́n bí mo bá fi ẹ̀rọ kan ilẹ̀kùn olú ilé iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kì í dáhùn. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé èmi ni mo bà á jẹ́. N kò fọwọ́ kan nǹkan kan láti ìparí ọ̀sẹ̀, síbẹ̀ mo gbà pé èmi ni, bí ọmọ tí àwo fọ́ níṣojú rẹ̀. Mo yọ wáyà, mo tún un kì. Mo fi etí aṣọ mi nu ojú àwo, ẹ̀gún baba sì ya mí lápá. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pin, mo lọ bá wọ́kì-tọ́kì, mo ròyìn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé wọ́kì-tọ́kì yẹn. Ìlà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò. Ohun tí a bá sọ ní abúlé wa, àwọn ará oko Ìrókò yóò gbọ́, àwọn awakọ̀ tí ń kó irúgbìn ní Ṣáṣá yóò gbọ́, maíguàdì ẹnu ọ̀nà náà yóò gbọ́. Ojú fèrèsé ni tiwa wà, a sì ṣí ohùn rẹ̀ sókè pátápátá, torí bí a kò bá ṣí i bẹ́ẹ̀, ariwo nìkan ni a ó gbọ́. Àwọn obìnrin ń yin àgbàdo lábẹ́ fèrèsé náà lọ́jọ́ yẹn. Baba onílẹ̀ wà nítòsí wọn, wọ́n ń ṣe àlùwàlá fún ìrun ọ̀sán.

Ọ̀gá dáhùn pé iná ń tàn lọ́dọ̀ òun, ọ̀nà ṣí, nítorí náà ọ̀dọ̀ wa ni ìṣòro wà. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Baba onígi obì yẹn ti gé wáyà wa. Mo mọ̀ pé yóò ṣe é. Olè ni baba yẹn. Tú gbogbo ẹrù náà kalẹ̀, mọ́tò ń bọ̀ wá kó o, ọlọ́pàá á sì bá mọ́tò wá."

Ọwọ́ tó ń yin àgbàdo dúró. Baba gbé ike àlùwàlá wọn kalẹ̀ jẹ́jẹ́, omi ṣì ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ wọn. Wọ́n wo ojú fèrèsé, wọ́n bi mí pé, "Ṣé èmi ni ó ń wí?" Wọ́n mú ike náà padà, wọ́n parí àlùwàlá, wọ́n lọ kírun. Ìrun náà pẹ́.

Mo jókòó lójú fèrèsé. Mo ro ti ìyá mi, tí ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ti ríṣẹ́. Mo rò pé wáyà lásán ni wọ́n ní kí n tú, kì í ṣe èmi ni mo pe ẹnikẹ́ni lólè. Mo dìde, mo gbé sípánà tí a fi ń tú bóòtù dání, mo lọ bá àwo náà. Mo tilẹ̀ ti fi í sí bóòtù àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni mo ti yíjú, tí mo rí iná aláwọ̀ ewé náà láti ẹnu ọ̀nà, ó ń tàn bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo wá bi ara mi pé, bí wáyà bá gé, báwo ni iná yìí ṣe ń tàn? Iná náà kò lè tàn àfi bí ẹ̀rọ tiwa àti ti olú ilé iṣẹ́ bá ń gbọ́ ara wọn. Ìbínú tó mú mi nígbà náà yà mí lẹ́nu. Ó gbóná ju ẹ̀rù lọ. Mo padà sídìí wọ́kì-tọ́kì.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, sà. N kò ní tú u."

Ariwo ta fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Kí lo wí?"

"Iná ń tàn lọ́dọ̀ yín, ó ń tàn lọ́dọ̀ mi. Bí baba bá gé wáyà, sà, ta ni ń bá yín tan iná?"

Awakọ̀ kan ní Ṣáṣá ti gbàgbé ọwọ́ lórí bọ́tìnnì, gbogbo wa gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ọ̀gá ní kí n pa ẹnu mi dé, kí n tú ẹrù, ó sì kúrò lórí ìlà.

Obìnrin tí ń dá wọ́kì-tọ́kì lóhùn ní olú ilé iṣẹ́ fẹ́ràn mi. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, ó sì máa ń sọ pé yàrá ẹ̀rọ nìkan ni ó mọ Ọlọ́run nínú ilé iṣẹ́ náà, torí pé níbẹ̀ gbogbo ènìyàn ń bọ́ bàtà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá mi tẹ àṣẹ kan sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, àṣẹ tí ó máa ń sọ gbogbo ibùdó tí ọ̀rọ̀ bá yà sí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ní ṣé wọn kò ní lé òun lẹ́nu iṣẹ́, mo ní wíwò lásán ni. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní ibùdó àkọ́kọ́, ẹ̀rọ aṣọ́bodè wa ni. Mo ní ìkejì ńkọ́.

"Àbúrò, ìkejì kì í ṣe nọ́ńbà tiwa o. Ti àwọn tó ń ta ọ̀nà ìta fún wa ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dákẹ́."

Gbogbo rẹ̀ yé mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ń rán ń dé ọ̀dọ̀ wọn, èsì ni kò rí ọ̀nà bọ̀. Ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ wa ṣí sílẹ̀ gbayawu, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń gbà á, nítorí pé ọ̀nà ìta gbangba ni wọ́n kọ sókè nínú ètò tuntun yẹn. Ọ̀nà ìta lè gba ohunkóhun, nítorí náà ẹ̀rọ náà ń ju èsì wa síbẹ̀, kò sì wo ìsàlẹ̀ níbi tí tiwa wà. Ohun tí ọ̀gá fi yangàn gan-an ni. Ìyá mi máa ń sọ pé òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní ń forí gbọgbẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo rí òtítọ́ tó ṣìnà, torí wọn kò fi ọ̀nà hàn án.

Mo ní kí obìnrin náà pe ọ̀gá padà sórí ìlà, mo sì ti tẹ bọ́tìnnì láti sọ àtúnṣe rẹ̀. Baba dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ti kírun tán. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ti yé ẹ, ọmọ mi. Tèmi ńkọ́? Ibi tí a bá ti bú ènìyàn ni a ti ń bẹ̀ ẹ́. Bí ó bá wá bẹ̀ mí nínú yàrá, àwọn ará Ṣáṣá tó gbọ́ pé olè ni mí, ta ni yóò lọ bá wọn?"

Mo yọwọ́ lórí bọ́tìnnì. N kò ní kí ẹ pè é ní ìgboyà. Ó dà bí ẹni pé ẹ̀rù tí mo ní ti tán. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo ní, "Ọ̀gá, mo ti rí i. Ọ̀dọ̀ yín ni ó wà, kò ní gbà yín lákòókò. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ́, ẹ kó ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ sí baba jẹ, sà. Lórí ìlà yìí, bí ẹ ṣe sọ ọ́."

"Ṣé o mọ̀ pé ọwọ́ mi ni iṣẹ́ rẹ wà?"

"Mo mọ̀, sà."

Kí ó tó tún sọ̀rọ̀ ni ohùn àgbà òṣìṣẹ́ kan ti jáde láti oko Ìrókò, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ dá sí ọ̀ràn. Ó ní, "Ọ̀gá, tiwa náà ò lọ láti àárọ̀. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ ká wí. Ṣé baba yìí náà ló wá gé ti Ìrókò ni?"

Nígbà tí ọ̀gá máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Kì í ṣe baba náà ni. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."

Mo wo baba. Baba fi ìka ro etí. "Sọ fún un pé ariwo pọ̀. Kí ó tún un sọ."

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ọ̀gá tún un sọ, ó gbé ohùn sókè, ó sì fi kún un pé kí baba má bínú. Baba ní àwọn gbọ́, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n sì gba oko wọn lọ. Ìgbà yẹn ni mo sọ fún ọ̀gá pé kí ó gbé ọ̀nà àwọn oko wa wá sókè, kí ọ̀nà ìta gbangba wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn. Kò pẹ́ tí èsì fi bẹ̀rẹ̀ sí wọlé sórí ẹ̀rọ mi. Lábẹ́ fèrèsé, ẹnì kan ní, "Ìyàwó Àwo, ọkọ ti fèsì." Lọ́jọ́ yẹn, inú mi dùn sí orúkọ náà.

Ọmọdé ni mí nígbà náà lóòótọ́, torí mo rò pé wọn yóò yìn mí. Nígbà tí ọdún mi pé, wọn kò fi kún un, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Mo sunkún láti Ìyànà Ọ̀fà títí dé Ìwó Road, mo sì ń bi ara mi pé ṣé kì í ṣe ẹnu mi ni ó kó bá mi. Ìbéèrè yẹn bá mi gbé pẹ́.

Láti ìgbà náà, mo ti tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí wọ́n bá ti sọ fún mi pé ètò tuntun dé, tí ọ̀nà sì dí, mo máa ń wo òkè kí n tó wo ẹnikẹ́ni. Baba ti di olóògbé. Mo gba abúlé náà kọjá láìpẹ́ yìí, wọ́n ti gbé àwo lọ, òpó rẹ̀ nìkan ló kù. Kùkùté obì ti rú, ọmọ baba kan sì já obì fún mi lára rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ nínú mọ́tò, ó korò, mo rántí ọmọ tí ẹ̀rù ń bà lójú fèrèsé yẹn. Bí wọ́n bá dá mi padà síbẹ̀, ẹ̀rù yóò tún bà mí. Ṣùgbọ́n n kò ní dúró dìgbà tí baba bá máa sọ pé ariwo pọ̀. Èmi fúnra mi ni n ó ní kí ọ̀gá tún un sọ.