Gílóòbù Yàrá Yèyé

Ní ilé wa, gílóòbù ní ipò bí ìjòyè. Èyí tó bá mọ́lẹ̀ jù ni ti pálọ̀, nítorí àlejò. Bí ó bá ti ń ṣú, a ó yọ ọ́ lọ sí yàrá, láti yàrá a di ti ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ ni yóò sì kú sí. Èmi kọ́ ni mo dá àṣà yìí sílẹ̀. Ìyá mi, tí à ń pè ní Yèyé, ni wọ́n kọ́ mi bẹ́ẹ̀ ní Iléṣà, mo sì gbé e wá sí Òṣogbo láìbi ara mi léèrè ìdí rẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi kú, mo mú Yèyé wá sọ́dọ̀ mi ní Òkè Baálẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ni mo fún wọn. Gílóòbù tó wà níbẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta ní pálọ̀ kó tó débẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ bó ṣe rẹ èmi náà.

Kí oṣù méjì tó pé, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Yèyé tó jẹ́ pé orin mẹ́ta ni wọ́n máa ń kọ látinú ìwé orin kí wọ́n tó sùn, wọn ò ṣí ìwé náà mọ́. Wọ́n ń wọ búláòsì lódì. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á ní, "Ta nìyẹn?" Mo máa ń dáhùn pé, "Èmi ni o, Yèyé," ohùn mi sì ń le sí i lójoojúmọ́. Mo gbà pé ọpọlọ wọn ló ti ń lọ. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Kò sẹ́ni tó ń bi ọmọ òkété léèrè bóyá wàrà ṣì wà níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bu iyọ̀ sínú tíì mi dípò ṣúgà, mo pe àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Ẹ̀sà-Òkè. Mo ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. Wá mú Yèyé lọ ní Sátidé. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe mọ́." Ó ní òun ń bọ̀. Mi ò ní purọ́, ara tù mí.

Nígbà tó ku ọ̀la kí àbúrò mi dé, gílóòbù pálọ̀ jó. Bí mo ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo ra tuntun ní Òkè-Fìà, wáàtì méjìdínlógún, torí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀ wá ṣe ìpàdé àdúrà. Mo délé, kí n tó gbé àga, bọ́tìnnì ẹ̀wù mi já. Pálọ̀ ṣókùnkùn, mo bá wọ yàrá Yèyé lọ, mo jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì láti rán an. Mo ti òwú sí ihò abẹ́rẹ́, kò wọlé. Mo tún tì í, èmi tí mi ò wọ awò ojú rí. Ihò ọ̀hún gan-an ni mi ò rí.

Yèyé rẹ́rìn-ín. "Yàrá yìí dúdú, àbí? Èmi kàn ń fọwọ́ wá nǹkan ni."

"Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? Pálọ̀ ló ni uná." Bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe iná nìyẹn. "Èmi kì í ṣe àlejò."

Oṣù méjì gbáko, mi ò jókòó nínú yàrá yẹn lálẹ́ rí. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti máa ń kí wọn. Ojú tì mí.

Mo gun àga, mo yọ ògbólógbòó, mo fi tuntun sí i. Yèyé ń ráhùn nísàlẹ̀ pé kí ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yóò fi ríran. Mo ní kí wọ́n gbàdúrà nínú òkùnkùn, wọ́n ṣáà máa ń dijú.

Iná tàn, mo sọ̀ kalẹ̀. Yèyé fọwọ́ bojú, wọ́n sì rọra mú un kúrò. Mo rò pé ìwé orin ni wọn yóò wò. Èmi ni wọ́n wò. Wọ́n wò mí títí, wọ́n na ọwọ́ kan irun ẹ̀bá etí mi.

"Ìgbà wo lo hu ewú tó báyìí? Ojú rẹ ti jìn wọnú. Àṣé ó ti rẹ̀ ọ́ tó yìí."

Èmi náà fọwọ́ kan irun náà.

"Pe àbúrò rẹ," ni wọ́n wí. "Kó wá mú mi lọ fún ìgbà díẹ̀, kí o lè sinmi. Ṣùgbọ́n má sọ fún un pé ó rẹ̀ ọ́ o. Sọ pé èmi ni mo fẹ́ lọ."

Mo jáde sí pálọ̀, mo jókòó sínú òkùnkùn, mo pe àbúrò mi pé kó má wá mọ́. Ó bi mí bóyá ọpọlọ Yèyé ti bọ̀ sípò ni. Mo na fóònù sí ẹnu ọ̀nà yàrá. Nínú yàrá, Yèyé ti bẹ̀rẹ̀ orin kejì.